Bí Ẹ Ṣe Lè Ran Ọ̀dọ́ Tó Ní Asthma Lọ́wọ́ Kó Má Pa Inhaler Rẹ̀ Tì

Ẹ bi ọmọ ọdún 14 pé, "Ṣé o ti lo inhaler ẹ?" Á ní òun ti lò ó. Ẹ wá wo nọ́ńbà tó ń sọ iye oògùn tó kù lára inhaler náà, ó ti dúró sójú kan láti ọjọ́ 3. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè é ní òpùrọ́. Bá a ṣe bi í ló sé ọ̀nà òótọ́ mọ́ ọn.

Torí náà, ìbéèrè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí pa dà: "Ẹ̀ẹ̀melòó lo gbàgbé ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí? Kí ló fà á?" Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ojú lè máa tì í níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ara ẹ̀ ti yá, kò wá rí ìdí tó fi yẹ kó máa fà á.

Èyí gba àlàyé o. Inhaler ojoojúmọ́ ló ń mú kí ọ̀nà èémí tó wú fà sẹ́yìn, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Salbutamol, ìyẹn inhaler kejì tó ń fà nígbà tí àyà bá fún un, máa ń la ọ̀nà náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àmọ́ kì í mú wíwú yẹn kúrò. Ohun tó ń tan ọmọ jẹ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ti ojoojúmọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ẹ̀. Kó fà á, kó wá fọ eyín, kó fi omi yọ ẹnu dáadáa kó sì tu ú dà nù. Yíyọ ẹnu yẹn ni kì í jẹ́ kí nǹkan funfun bò ó lẹ́nu.

Ẹ ní kó fi bó ṣe ń lò ó hàn yín. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń tẹ̀, kó mì ín, kó mí síta, kó di ẹnu mọ́ ọn pinpin, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, kó sì sé èémí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí ahọ́n lásán! Spacer, ìyẹn ike oníhò tí wọ́n ń fi sẹ́nu inhaler, máa ń jẹ́ kó rọrùn.

Tẹ́ ẹ bá lọ rí dókítà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì jáde fún ìgbà díẹ̀. Ó lè láwọn ìbéèrè nípa sìgá tí kò ní bi lójú yín.

Tó bá ń lo salbutamol ju ọjọ́ 2 lọ lọ́sẹ̀, tàbí tí ikọ́ ń jí i lóru, ẹ pa dà sọ́dọ̀ dókítà. Tó bá fà á tí kò ràn án, tí kò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀, tàbí tí ètè ẹ̀ ń ṣú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi í bóyá ó lo ti àárọ̀.