Bí mo ṣe tọpa ọ̀rọ̀ "ebi" láti inú ikùn dé ọkàn

Iṣẹ́ tí mo gbé lé ara mi lọ́rùn ni kí n kọ àlàyé kíkún lórí ọ̀rọ̀ ebi, fún àkójọ ọ̀rọ̀ tí mò ń ṣe fún àwọn tó ń kọ́ èdè Yorùbá. Mo fẹ́ kí àlàyé náà sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá, kó sì sọ bó ṣe kúrò lọ́rọ̀ oúnjẹ nìkan, tí a fi ń gbọ́ pé ebi owó ń pa lágbájá. Mo ti parí rẹ̀ báyìí. Bí mo ṣe ṣe é nìyí, bóyá yóò wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ohùn ni mo kọ́kọ́ yanjú. Ebi, ohùn àárín méjì ni. Ẹbí, ìyẹn mọ̀lẹ́bí, ní àmì lábẹ́, ohùn òkè ló sì fi parí. Bíbí ló ni í. Ẹ̀bi tí wọ́n ń dá fún aláìṣòótọ́ ń fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èébì ń tọ́ka sí bì. Ẹni tó bá ń wo lẹ́tà lásán lè so gbogbo wọn pọ̀ kó sì fi wọ́n hun ìtàn tó dùn létí, pàápàá nínú ìwé àtijọ́ tí àmì ohùn kò pọ̀. Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ṣùgbọ́n ọdún 1875 ni ìpàdé kan ní Èkó tó fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ ẹ, ọ àti ṣ. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ló sì ní ká ya ń sọ́tọ̀, kí "ebi npa mi" lè di "ebi ń pa mí". Nítorí náà, ohùn tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni mo gbára lé ju ohun tí mo rí lórí ìwé lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbìyànjú láti tú u. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ wa ni ó ṣeé tú: ẹ̀kọ́ wá láti inú kọ́, ẹ̀bùn láti inú bùn, èrò láti inú rò, ètò láti inú tò. Bí a bá yọ e kúrò lára ebi, bi ló kù, ìbéèrè sì ni bi ń bi, kò kan ikùn. Mo tún wo ohùn: nínú gbogbo àwọn tí mo kà yìí, ohùn ìsàlẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ń gbà, ti ebi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ mi ni pé ẹgbẹ́ omi, ilé àti ojú ni ebi wà, àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè kò fi ohunkóhun mìíràn ṣe. Òùngbẹ ní tirẹ̀ kò fi orírun rẹ̀ pa mọ́ rárá. Gbẹ wà nínú rẹ̀ gbangba, a sì tún ń pè é lẹ́ẹ̀kejì tí a bá ní òùngbẹ ń gbẹ wá.

Orí ọ̀rọ̀ ìṣe pa, tó wà nínú "ebi ń pa mí", ni mo ti pẹ́ jù, ibẹ̀ ló sì dùn mọ́ mi jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ẹni tó ní ebi ń pa òun ń sọ pé òun ń kú lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò ń pa ènìyàn, oòrùn ń pa ènìyàn, ọtí ń pa ènìyàn, kò sì sí òkú nínú ọ̀kankan. Ohun tó wà ní ìta ló bo ènìyàn mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tó sì tún lè kúrò. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ni pé tí ikú bá wọ̀ ọ́, a ní láti fi kú kún un: ebi pa á, ó jẹun, ó yó; ṣùgbọ́n ebi pa á kú, wọ́n sin ín. Bí ó bá jẹ́ ìlú lódindi ni oúnjẹ wọ́n fún, a kì í lo ebi mọ́, ìyàn ni. Ìyàn a sì máa mú, kì í pa.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sórí ìfẹ́ ọkàn. Mo to àwọn gbólóhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú "ebi ń pa mí", ebi ni olùṣe, èmi ni ó ṣe. Nínú "aṣọ yẹn wù mí", aṣọ ni olùṣe, èmi náà ni ó ṣe. Àfi "mo fẹ́ ẹ" nìkan ni mo ti dúró níwájú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. A lè pàṣẹ fún ènìyàn pé kó fẹ́ràn ẹnìkejì rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ pé kí nǹkan wu ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè pàṣẹ kí ebi pa á. Ìdí nìyí, lójú tèmi, tí ìbáwí fi ń tẹ̀ lé fẹ́, tó fi lè di ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí jẹ ṣe ń di ìjẹkújẹ.

Ìgbà tí ebi bá kọjá oúnjẹ, ó máa ń fa orúkọ ohun tí à ń wá mọ́ra: ebi owó, ebi ipò, ebi agbára. Òùngbẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Sáàmù 42, òùngbẹ Ọlọ́run ló ń gbẹ ọkàn akọrin náà. Nínú Mátíù 5:6, àwọn tí ebi ń pa tí òùngbẹ sì ń gbẹ sípa òdodo gba ìlérí pé wọn ó yó. Yó yìí ni mo fi ya ebi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀kánjúwà àti ojúkòkòrò. Ebi ní òpin, yíyó ni òpin rẹ̀. Ọ̀kánjúwà kì í yó, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní ọmọ ìyá kan náà ni òun àti olè. Ènìyàn lè ní ebi òdodo ń pa òun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò sọ pé òun ní ọ̀kánjúwà òdodo.

Fún àpẹẹrẹ ìlò, mo mú òwe méjì. Èkíní: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èkejì: "ebi ń pa mí" kò ṣeé fi ìfé (súfèé) wí. Mo fẹ́ràn èkejì gan-an, torí ẹnu ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́, ẹnu tó la gbangba. Nígbà ìwọ́de oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ní Nàìjíríà, "ebi ń pa wá" ni àwọn ènìyàn ń ké ní ìgboro. Wọn kò fi àlàyé kankan kún un, gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá sì mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo fi igbe náà sínú àkójọ mi, lábẹ́ ìtumọ̀ kìíní tó jẹ́ ti ikùn, torí oúnjẹ gan-an ni wọ́n ń sọ.

Ebi owó àti ebi òdodo wọ abẹ́ ìtumọ̀ kejì. Mo fi ìyàn, òùngbẹ, wù àti yó sí ìsàlẹ̀ pé kí òǹkàwé yà síbẹ̀. Mo sì kọ ẹbí, ẹ̀bi àti èébì sí ìlà ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ohùn wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé ìdílé kan náà ni wọ́n.