Má kan ìṣó kún un: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí bàtà ẹṣin bá ń bọ́ lemọ́lemọ́

Bí bàtà ẹṣin, irin tí wọ́n ń kàn mọ́ pátákò rẹ̀, bá bọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó ní ó ṣèèṣì ni. Bó bá tún bọ́ lọ́sẹ̀ kejì, alágbẹ̀dẹ tó kàn án la máa ń bínú sí. "Ẹ kàn án dáadáa o! Ẹ fi ìṣó méjì kún un." Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, owó tó jáde lápò mi lẹ́yìn rẹ̀ ló là mí lójú. Àṣìṣe tó ń bí àwọn yòókù nìyẹn.

Irú ohun kan náà ni pátákò ẹṣin àti èékánná wa. Ó ń hù, ó ń sán, omi ń rin ín, oòrùn ń fà á gbẹ. Etí rẹ̀ lóde, níbi tí ìṣó ń gbà kọjá, kò nípọn, ẹṣin kì í sì í mọ̀ ọ́n lára. Ìṣó 6 sí 8 ni ẹsẹ̀ kan sábà máa ń gbà. Bí o bá lu kún un, tí ihò fara kan ihò, ọjọ́ tí bàtà bá máa bọ́, àpólà pátákò ni yóò bá a lọ, kò sì ní sí ibi tí ìṣó tuntun yóò dì mú mọ́. Ìṣó tó bá sì sún sẹ́yìn jù, sọ́nà gìgísẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn pátákò ráyè fẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹṣin bá tẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ fẹ̀.

Ta ló wá ń bọ́ bàtà ọ̀hún? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹṣin fúnra rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Lára ẹṣin kan ṣoṣo, wàhálà ni: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó bá lé ti iwájú bá, bàtà rẹ̀ ni yóò tẹ̀. Pátákò ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, irin kì í bá a gùn. Bí ṣóńṣó iwájú rẹ̀ bá ti gùn jù, ẹsẹ̀ iwájú á pẹ́ nílẹ̀ kó tó gbéra, bí ọmọdé tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bàbá rẹ̀. Kó tó gbéra tán, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti dé, ó ti tẹ ìdí irin náà mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú fà, irin já. Ẹṣin pólò tó ń sáré tó sì ń yí bìrí lórí pápá, tiẹ̀ tún lé.

Ìyẹn ni mo ṣe ń bá àwọn tó ń sọ pé "kò tíì bọ́, ẹ jẹ́ kó ṣì wà" jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló yẹ kí alágbẹ̀dẹ ṣí bàtà, kó gé pátákò, kó tó tún un kàn, ìbáà ṣe bàtà yẹn kan náà ni yóò dá padà. Àwọn kan wà tí ẹṣin wọn á wọ irin kan fún oṣù mẹ́ta, ìgbà tí Iléyá bá ku ọ̀la ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá alágbẹ̀dẹ kiri nítorí Ojúde Ọba. Bí ìṣó kan bá ṣì lọ tẹ ẹran inú pátákò, orí títì ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ ó ti mọ̀, pẹ̀lú aṣọ oyè lọ́rùn àti ìlù lẹ́yìn. Ẹ kàn án ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, ìgbà òjò gan-an. A ó fi ọṣẹ wẹ ẹṣin láàárọ̀, a ó so ó mọ́ inú ẹrẹ̀, oòrùn ọ̀sán á tún yan án. Pátákò á wú, á tún sún kì, ihò ìṣó á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òróró tí wọ́n ń fi pa á kí ó lè máa dán kò tún ihò ṣe. Ibi gbígbẹ tí ẹṣin lè dúró sí ló ṣe pàtàkì. Oúnjẹ ń ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ pátákò tó bá hù lókè lónìí á lò tó oṣù 9 sí 12 kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé iwájú ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ má retí ìyanu lóṣù yìí.

Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n gé ìdí bàtà kúrú kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má baà rí nǹkan tẹ̀. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ ẹṣin ni yóò jìyà rẹ̀, torí kò ní sí irin tí yóò gbé e dúró. Rọ́bà tó rí bí agogo, tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, sàn jù ú lọ, bí ẹ bá ń tú u wẹ̀ kó má baà dégbò sí i lára. Ká má parọ́, ẹṣin mìíràn tilẹ̀ wà tí kò nílò bàtà rárá, tó jẹ́ orí koríko ló ń gbé.

Bí irin bá bọ́ tán, má gùn ún lọ sílé. Wá irin náà rí, torí ìṣó tó wà lára rẹ̀ lè gún ẹṣin mìíràn. Bó bá ṣì rọ̀ dirodiro, má fi òòlù wọ́ ọ lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: fi ayùn yun ṣóńṣó ìṣó tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara pátákò kúrò ná. Bí ìṣó bá wọ àtẹ́lẹsẹ̀, má kánjú fà á yọ bí dókítà ẹran bá wà nítòsí, kí ó lè rí bó ṣe wọlé tó. Béèrè abẹ́rẹ́ àrùn ipá lọ́wọ́ rẹ̀, ipá kì í fi ẹṣin ṣeré.

Láràárọ̀, kí o tó fi gàárì sí i, fi ìka pa ṣóńṣó àwọn ìṣó tó yọ lára pátákò. Bí ọ̀kan bá ti ń ha ọ́ lọ́wọ́, pe alágbẹ̀dẹ lọ́jọ́ náà.