Bí Wúfà Íǹṣì 18 Méjì Ṣe Ti Amẹ́ríkà Dé Òkè-Àrò

Ẹni tó bá fẹ́ ra wúfà ńlá, ìyẹn sípíkà tó ń gbé báàsì jáde, láti òkè òkun, kó kọ́kọ́ bèèrè bí páálí rẹ̀ ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga tó. Páálí yẹn ló máa pinnu iye tó máa ná. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń to ẹ̀rọ orin fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní Àkúrẹ́ ló là á yé mi kí n tó san kọ́bọ̀. "Àbúrò," ó ní, "irin ni wàá rà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú páálí ni wọ́n máa gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ." Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́kàn, mo sì ra téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan.

Yàrá kan wà nílé wa ní Òkè-Àrò, ní Àkúrẹ́, tí a ń kó ẹrù sí. Mo kó ẹrù kúrò níbẹ̀ kí n lè sọ ọ́ di yàrá fíìmù. Àwọn sípíkà kéékèèké kò fún mi ní wàhálà, báàsì ni ọ̀rọ̀ kù sí. Fíìmù tí wọ́n bá ṣètò ohùn rẹ̀ fún sinimá máa ń ní ọ̀nà kan lọ́tọ̀ tó wà fún báàsì nìkan, tí kì í kọjá Hz 120 sókè (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ìsàlẹ̀ pátápátá ni iṣẹ́ wà, nítòsí Hz 20, níbi tí etí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkan mọ́, tó jẹ́ pé àyà àti àga lèèyàn fi ń mọ̀ pé nǹkan ń dún. Ìgbì ohùn Hz 20 kan ṣoṣo gùn tó mítà 17. Bí ohùn bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wúfà ń ṣe làálàá sí i: láti Hz 40 bọ́ sí Hz 20, tí a bá fẹ́ kó ròkè bákan náà, ojú wúfà gbọ́dọ̀ rìn síwá-sẹ́yìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé íǹṣì 18 ni mo fẹ́. Ojú rẹ̀ fẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti íǹṣì 12 lọ, nítorí náà kò nílò kó rìn jìnnà kó tó ti afẹ́fẹ́ púpọ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ wo Alábà l'Ékòó, torí n kò rí ìdí tí màá fi fo ọjà ilé kọjá. Wúfà íǹṣì 18 kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àmọ́ òde ìnáwó àti ìsọjí ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn fún: ojú wọn fúyẹ́, etí wọn le, wọ́n á pariwo dáadáa láti Hz 40 lọ sókè, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n lọ sí 20, wọ́n á kàn máa mì lásán ni. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn máágínẹ́ẹ̀tì sì ń pariwo tirẹ̀: 3000 watts. Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń tajà pé kí ni Fs rẹ̀, kí ni Xmax rẹ̀. Ó wò mí lókè wò mí nísàlẹ̀. "Ọ̀gá mi, ṣé orin lẹ fẹ́ gbọ́ ni àbí ìdánwò lẹ fẹ́ ṣe?" Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́. Ọmọ náà kò jẹ̀bi, àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í bi í bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú àwọn nọ́ńbà yẹn ni òótọ́ wà. Neville Thiele àti Richard Small ló ṣe iṣẹ́ tó gbé wọn jáde, ní Ọsirélíà. Thiele gbé tirẹ̀ jáde ní 1961, Small sì tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣì fi ń pe àwọn nọ́ńbà tó wà lórí ìwé wúfà títí dòní. Fs ni ibi tí wúfà ti ń mì fúnra rẹ̀ tí a kò bá tíì fi sínú àpótí. Xmax ni bí ojú rẹ̀ ṣe lè rìn jìnnà tó kí kóìlì, ìyẹn wáyà wíwé tó ń ti ojú náà, tó máa jáde kúrò ní àlàfo máágínẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá kó gbogbo wọn sínú WinISD, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó máa yàwòrán bí wúfà náà ṣe máa dún nínú àpótí tí ẹ ní lọ́kàn, kí káfíńtà tó gbé ayùn. Èyí tí mo mú ní Fs tó wà nítòsí Hz 20 àti Xmax tó lé ní mìlímítà 20. Olùtajà tó kọ gbogbo èyí sórí ìwé fún mi wà ní Amẹ́ríkà.

Wúfà lásán ni mo rà, n kò ra èyí tó ti wà nínú àpótí. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún ní amplifáyà lẹ́yìn, iná wọn sì jẹ́ fólútì 120 nígbà tí tiwa jẹ́ 230. Ẹni tó bá kì í bọ iná wa bẹ́ẹ̀, èéfín ló máa kọ́kọ́ rí. Wúfà lásán kò mọ BEDC tó ń pín iná fún wa, kò mọ jẹnẹrétọ̀, ohun tí amplifáyà bá fún un ló ń jẹ. Àti pé kí ni mo fẹ́ fi pátákó Amẹ́ríkà ṣe ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ọkọ̀ gẹdú ti ń dí wa lọ́nà lójoojúmọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúfà náà ní kóìlì méjì, ọ́ọ̀mù 2 sì ni kọ̀ọ̀kan (ọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Tí ẹ bá so wọ́n tẹ̀ léra, ó di ọ́ọ̀mù 4. Tí ẹ bá so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ́ọ̀mù 1 ni, èyí tí ọ̀pọ̀ amplifáyà kò lè gbé. Ọ́ọ̀mù 4 ni mo gbà.

Ó wá ku ọ̀nà. Àwọn tó ń fi òfurufú kẹ́rù máa ń ṣe ìṣirò méjì: ìwọ̀n tí òṣùwọ̀n sọ, àti ìwọ̀n tí páálí sọ. Wọ́n á mú gígùn, fífẹ̀ àti gíga ní sẹ̀ntímítà, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á pín in sí nọ́ńbà kan, 5000 lọ́dọ̀ àwọn tí mo bi, èyí tó bá ga jù nínú méjèèjì ni wọ́n máa gba owó rẹ̀. Wúfà mi kan pẹ̀lú páálí rẹ̀ jẹ́ kìlò 25. Páálí iléeṣẹ́ jẹ́ 61 sí 61 sí 41, èyí tó jẹ́ kìlò 30 ààbọ̀ lójú wọn. Ìyẹn ṣì ṣe é gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó fi páálí kan ṣoṣo rìnrìn àjò. Mo fẹ́ páálí kejì lóde pẹ̀lú fóòmù láàárín, ìyẹn sì gbé e dé 70 sí 70 sí 50. Ẹ bá mi pín in: kìlò 49. Irin kò lé, fóòmù ló di irin.

Òfurufú tún ní ti máágínẹ́ẹ̀tì nínú. Ohun tí agbára máágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá pọ̀ kọjá ààlà, ẹrù eléwu ni lábẹ́ òfin òfurufú, torí kọ́ńpáàsì ọkọ̀. Mítà 2.1 sí páálí ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Wúfà sábà máa ń yege, nítorí irin tó yí máágínẹ́ẹ̀tì ká ń há agbára rẹ̀ mọ́, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó bá rí ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé lè ní kí ẹ dúró ná.

Ojú omi ni mo gbà. Àwọn ejẹ́ńtì tó ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sínú kọ́ńténà kan máa ń fi CBM díwọ̀n, ìyẹn àyè tó ga ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan. Páálí mi kan jẹ́ 0.245, méjèèjì 0.49. Fóòmù tí òfurufú fẹ́ gba owó gọbọi lé lórí, owó díẹ̀ ló fi kún un lójú omi. Kí n tó fọwọ́ sí nǹkan kan, mo bi ejẹ́ńtì: ṣé owó yìí ti ní ti kọ́sítọ́ọ̀mù nínú? Ṣé ẹ ní ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ kì í gbà? Tó bá bàjẹ́, ta ló ni ẹ̀bi? Ó dáhùn méjì àkọ́kọ́ kíákíá. Ẹ̀kẹta ni mo ní kó kọ sílẹ̀ fún mi. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, iye tí wọ́n bá pè láàárọ̀ lè má dalẹ́, nítorí náà ọjọ́ kan náà ni mo san owó wúfà àti owó ọkọ̀.

Ìṣubú ló ń pa wúfà lójú ọ̀nà. Máágínẹ́ẹ̀tì ló kó ìwọ̀n rẹ̀ jọ sẹ́yìn, apá irin mélòó kan ló sì dì í mú mọ́ abọ́ iwájú. Tí páálí bá fi igun balẹ̀, máágínẹ́ẹ̀tì lè yẹ̀ díẹ̀ báyìí, kóìlì tó ń rìn nínú àlàfo tóóró á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Ẹ kò ní rí i lójú, ìgbà tó bá dún lẹ máa gbọ́ ọ kṣ, kṣ, kṣ. Mo bẹ olùtajà pé kó fi nọ́ọ̀tì de etí iwájú wúfà mọ́ pákó pílááìwúùdù, kó fi fóòmù líle sí igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kó sì ya fọ́tò pẹ̀lú téèpù lára páálí kó tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó gba owó díẹ̀ lé e, mo san án tayọ̀tayọ̀.

Fọ́tò yẹn ló gbà mí. Nígbà tí ẹrù dé ilé ìkẹ́rùsí ejẹ́ńtì lọ́hùn-ún, wọ́n kọ̀wé sí mi pé 0.62 ni. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, mo sì bi wọ́n níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Àṣé orí pákó tí wọ́n gbé e lé ni, wọ́n wọn pákó mọ́ ọn, àti àyè tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó padà sí 0.49. Ẹni tí kò bá ní fọ́tò máa sanwó pákó ẹlòmíì.

Ti ìdúró, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ọkọ̀ ojú omi pẹ́ ju bí wọ́n ṣe wí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó dé Èkó, mo lọ gbà á fúnra mi. Wébíìlì ni àwọn èèyàn sọ fún mi, pé kí n fún dírẹ́bà lówó kó gbé e bọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ń kó wébíìlì sí: páálí nísàlẹ̀, àpò gaàrí lórí rẹ̀, iṣu lórí gaàrí. Mo sanwó gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, èmi àti páálí méjì. Dírẹ́bà fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ gbé ọ̀kan, ó sì yáa gbé e sílẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ kó síbí?"

"Wúfà ni, gbohùngbohùn."

"Ẹyọ kan ló wúwo tó báyìí?"

Ìyá kan tó jókòó níwájú mi yí padà. "Ẹ dákun, ẹ ṣí i ká rí i. Ayé ti bàjẹ́." Mo ṣí páálí òde, mo fi pákó àti etí róbà tó yọ hàn án. Ó wò ó títí. "Gbogbo èyí torí fíìmù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Láti Ṣágámù dé Ọ̀rẹ̀, ìtàn ọmọ rẹ̀ kan tó fi owó ilé-ìwé ra sípíkà ló ń sọ fún mi. Láti Ọ̀rẹ̀ a gba Oǹdó já sí Àkúrẹ́, ọ̀nà náà sì gbọ̀n wá dáadáa ju òkun lọ.

Kí n tó jẹun alẹ́ ni mo ti yẹ̀ wọ́n wò. Igun páálí òde kan ti tẹ̀ wọlé, fóòmù ibẹ̀ sì ti là sí méjì. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo gbé wúfà jáde, mo gbé e kalẹ̀ kó dojú sókè. Ohun àkọ́kọ́, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná: kóìlì kọ̀ọ̀kan kà ọ́ọ̀mù 1.8, èyí tó dára fún oníọ́ọ̀mù 2, torí ohun tí mítà ń kà máa ń dín díẹ̀ sí ohun tó wà lórí ìwé. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ojú rẹ̀, ọ̀tún àti òsì, mo tì í wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kó má bàa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé etí sún mọ́ ọn. Ìmí lásán ni mo gbọ́. Mo yí ọwọ́, mo tún tì í láti ìhà kejì. Kò ha nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bátìrì rédíò kan ṣoṣo, fólútì 1.5: mo fi orí bátìrì kan ibi tí wọ́n kọ àmì ròpọ̀ sí, ìdí rẹ̀ sí èkejì, ojú wúfà sì yọ síta díẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún kóìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí tí ọ̀kan bá ń wọlé nígbà tí èkejì ń jáde, wọ́n á máa pa ohùn ara wọn ni. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Tóyìn, ẹ ti wá di dókítà." Mo ní kó dákẹ́ ná, mo ń gbọ́ àyà rẹ̀.

Àpótí ló kù. Káfíńtà tí mo pè mọ iṣẹ́ rẹ̀, pákó MDF mìlímítà 18 la lò, ojú iwájú jẹ́ ìpele méjì, a sì fi igi gbọọrọ há inú rẹ̀ kó má bàa máa gbọ̀n. Inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí lítà 120, pípa ni mo fẹ́ ẹ, láìsí ihò. Ibí la ti jà. Ó ní àpótí tí kò ní ihò kò lè mí. Mo ní kò gbọ́dọ̀ mí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló máa jẹ́ sípíríǹgì fún wúfà. Ó ní ọdún tí òun ti ń ṣe àpótí fún àwọn olórin, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Mo fi àwòrán WinISD hàn án, kò wò ó. Ó kàn ní, "Ó dáa sà, owó yín ni." Ó sì ṣe é dáadáa, gọ́ọ̀mù wọ gbogbo oríkèé, n kò rí ibi tí atẹ́gùn lè gbà.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a tan án, gíláàsì fèrèsé ló kọ́kọ́ kọrin. Mo gé túùbù kẹ̀kẹ́ sí wẹ́wẹ́, mo fi há ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó kan ìlẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ó kan férémù fọ́tò ìgbéyàwó wa. Ní Hz 20, ẹ máa mọ gbogbo ohun tí kò le nínú ilé yín.

Káfíńtà wá gba ìyókù owó rẹ̀, ó jókòó, ó gbọ́ ọ. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá yọ téèpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àpótí mi, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Óǹdó fẹ́ kí òun ṣe mẹ́rin, irú èyí gan-an ni òun máa ṣe fún wọn. Mo ní irú wúfà wo ni wọ́n ní. Ó ní ti Alábà, íǹṣì 18, 3000 watts. Mo ní ti ìyẹn, kó jọ̀ọ́ kó lu ihò sí i.