Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ìwé jẹnotáìpù yín ṣeé gbára lé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn, mo sì máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé, “AA ni mí tẹ́lẹ̀, ó ti wá yí padà di AS.” Kì í yí. Ohun tí wọ́n bí yín mọ́ ni, lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, kì í yí àfi fún ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún. Ìwé ló ṣì. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti fún yín ní ìwé, ẹ béèrè pé: “Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Hẹmoglóbìn ni a ń wò, èròjà tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, tó sì ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Lọ́dún 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà fi hàn pé bí iná mọ̀nàmọ́ná bá ń fà á, hẹmoglóbìn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kì í rìn bíi ti ẹlòmíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ láàbù wa ṣì ń lò nìyẹn. A ó kán ẹ̀jẹ̀ tí a ti pò sórí pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a ó tan iná sí i. Hẹmoglóbìn A, tí kò ní àrùn, ló máa ń ṣáájú; S, tó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde, á tẹ̀ lé e; C, oríṣi mìíràn tó yàtọ̀ sí A, á wà lẹ́yìn. Ojú la fi ń ka ìlà tó bá yọ.

Ojú lè tan èèyàn. Ìdí nìyẹn tí láàbù tó mọṣẹ́ fi máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ dájú, AA, AS, AC, sórí pépà kan náà pẹ̀lú tiyín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìlà S àti ti C lè má jìnnà síra, ẹni tí kò ní nǹkan tó máa fi wé e á kàn kọ èyí tó bá rò.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí wọ́n ń da kẹ́míkà sí ẹ̀jẹ̀, tí èsì rẹ̀ sì máa ń tètè jáde. Gbogbo ohun tíyẹn lè sọ kò ju pé S wà níbẹ̀ tàbí kò sí. AS, SS àti SC, bákan náà ni wọ́n ṣe máa ń rí níbẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn fẹ́yàwó.

Ọ̀rọ̀ C yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Ó wọ́pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn odò Ọya, kò sì wọ́pọ̀ ní ìlà oòrùn rẹ̀. Síbẹ̀ AS nìkan ni ọ̀pọ̀ ń sá fún. Bí AC bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SC. Àìsàn gidi ni SC, ó ń mú eegun roni, ó sì máa ń ba ojú jẹ́. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá sọ fún òbí pé “kò le bíi ti SS,” tí wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan mú ìwé mẹ́ta wá. “Mà, méjì sọ pé AA, ọ̀kan ṣoṣo ló sọ pé AS. Ṣé kì í ṣe AA ni mí?” A kì í dìbò yan jẹnotáìpù. Láàbù méjì tó ń ṣe é lọ́nà kan náà lè ṣì í lọ́nà kan náà. Mo ní kó lọ ṣe é lórí ẹ̀rọ HPLC, tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan ní, nítorí pé ẹ̀rọ yìí máa ń fi nọ́ńbà sọ bí A, S àti C ṣe pọ̀ tó. AS ni ó jáde. Wọ́n ti pín aṣọ ẹbí nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe tiyín kí ẹ tó lọ mọ àna, ní ibi méjì, kí ọ̀kan jẹ́ HPLC.

Níbi tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀, ẹ má kúrò títí wọ́n á fi kọ orúkọ yín ní kíkún sára ìgò náà lójú yín, pàápàá ẹ̀yin ìbejì. Bí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, ẹ sọ fún wọn, kí ẹ sì dúró fún oṣù mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè mú kí SS dà bí AS. Ọmọ tuntun pẹ̀lú máa ń ní hẹmoglóbìn F, ti inú oyún, púpọ̀, tí ìlà rẹ̀ máa ń bọ́ sí àárín A àti S. Ẹ tún ti ọmọ ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ìyá AS, bàbá AA, ọmọ SS: bí ẹ bá rí ìwé bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tíì fẹ̀sùn kan ìyàwó. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà, lórí HPLC, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá, torí ó lè jẹ́ ìwé AA rẹ̀ ló ṣì.