Bí mo ṣe ń fi pẹ́ńsùlù wá Vesta lójú ọ̀run

Stellarium, áàpù orí fóònù tó ń fi ojú ọ̀run hàn, á sọ ìhà tí Vesta wà lálẹ́ yìí fún yín. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti pa fóònù tì. Vesta jẹ́ àpáta ńlá kan tó ń yí oòrùn po láàárín Máàsì àti Júpítà, ó fẹ̀ tó kìlómítà 525, ṣùgbọ́n lójú wa kò yàtọ̀ sí ìràwọ̀ kékeré. Rírìn rẹ̀ nìkan ló máa tú u fó.

Ẹ wá báínókúlà 7x50 (awò olójú méjì tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po méje), pẹ́ńsùlù, ìwé tí kò ní ìlà, àti tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi náílọ̀n pupa wé lójú. Náílọ̀n yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Lálẹ́ àkọ́kọ́ tèmi, tọ́ọ̀ṣì funfun ni mo tàn sí ìwé. Bí mo ṣe gbójú sókè, gbogbo ọ̀run ṣú birimù, mi ò sì rí nǹkan kan fún bí ogún ìṣẹ́jú.

Ìgbà tí ayé bá wà láàárín Vesta àti oòrùn ló máa ń tàn jù. Bí oṣù 16 àbọ̀ síra ni. Ẹ yẹra fún òṣùpá, ẹ sì yẹra fún ọyẹ́, torí eruku rẹ̀ máa ń pa ìràwọ̀ kéékèèké rẹ́.

Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ògiri kí ọwọ́ má baà máa gbọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ ya ìràwọ̀ mẹ́ta tó tàn jù, kí ẹ tó wá to àwọn kéékèèké yí wọn ká. Kò dìgbà tó bá rẹwà. Àlàfo àárín wọn ni kó pé. Ẹ kọ ọjọ́ àti agogo sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ tún un yà. Láàárín ọjọ́ kan, Vesta lè sún tó ìdajì fífẹ̀ òṣùpá.

Olbers, dókítà kan ní Bremen ní Jámánì, kò ṣèèṣì rí i. Ó gbà pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ló fọ́ tó di Ceres àti Pallas, àpáta méjì bíi Vesta tí wọ́n ti rí ṣáájú, ló bá ń ṣọ́ ibi tí ọ̀nà àwọn méjèèjì ti pàdé. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1807 ló rí Vesta, láàárín àwọn ìràwọ̀ Virgo. Pílánẹ́ẹ̀tì tó ní ó fọ́ yẹn kò sí rárá, àmọ́ ó rí nǹkan.

Kò sọ ọ́ lórúkọ fúnra rẹ̀. Gauss, onímọ̀ ìṣirò tó ṣírò ọ̀nà rẹ̀, ló fi sílẹ̀ fún, bí ìgbà tí bàbá ọmọ bá ní kí àgbà ilé pe orúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Gauss mú Vesta, òrìṣà obìnrin tó ni iná ààrò lọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù.

Èyí tó bá kúrò lójú kan nínú ìwé kejì, ẹ yí i po, kí ẹ kọ 4 Vesta sí i: òun ni ìkẹrin irú àpáta bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rí. Ẹ má ju ìwé àkọ́kọ́ nù o. Òun ni ẹ ó gbé síwájú ẹni tó bá ní irọ́ ni.