Àrọ kẹ́ẹ̀gì fún ihò búlọ́ọ̀kù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lánàá ò jẹ́ kí n dákẹ́. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń da kankéré sínú ihò búlọ́ọ̀kù 9 ínǹṣì. Ìdajì ń dà sílẹ̀, sìmẹ́ǹtì tó wọ́n báyìí!

Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ti jò, ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀: àrọ dé nìyẹn. Ẹ gé ọrùn rẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ̀, àmọ́ kó ṣì wọ ihò búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá fi ọrùn yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, òkúta á há síbẹ̀, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi tì í. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lò, kí kankéré sì ṣàn bí ẹ̀kọ mímu.

Bí kankéré bá ti ga tó búlọ́ọ̀kù méjì, ẹ fi irin 12mm gún un dáadáa kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ lu ihò kékeré sí ìdí ògiri kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá kankéré dé ìsàlẹ̀. Tó bá ti yọjú, ẹ fi pákó dí i.