Bí a ṣe gbé eré tí òǹwòran ń dá sí kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Eré ọmọbìnrin tí wọ́n mú kúrò ní JSS 2 kó lè máa kiri ẹ̀pà ni. Òfin ọdún 2004 sọ ìwé kíkà di ọ̀fẹ́ àti dandan títí dé JSS 3, ṣùgbọ́n òfin ò ra bàtà. Ibẹ̀ la ti mú eré.

Ọ̀nà tí Augusto Boal, ará Brazil, dá sílẹ̀ la tẹ̀ lé. A ó ṣe eré náà dé ibi tó burú, a ó dúró, a ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, òǹwòran tó bá ní ọgbọ́n á ké pé "Dúró!", á wọ agbo, á gba ipò ọmọ náà.

A ò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ sọ ohun tí wọ́n ti rí ládùúgbò, a sì fi hun ìran mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ti ilé ara rẹ̀, torí àwọn aládùúgbò á dá ìyá rẹ̀ mọ̀ lójú agbo.

Ipa ìyá ló gbà wá lákòókò jù. Bó bá jẹ́ òǹrorò lásán, wọ́n á bú u, wọ́n á sì lọ sílé. A fún un ní gbèsè àjọ àti ọmọ kékeré mẹ́ta. Kò sì gbọdọ̀ tètè gbà. Bí òǹwòran bá wọlé tó ń wàásù, ìyá á bi í pé: "Ó dáa, ta ni yóò dá àjọ ọ̀la?" Ìbéèrè yẹn ló ń gba ọgbọ́n jáde.

Àárín ìlú la ti ṣe é, bí Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe gbé ilé eré Orí Olókun sí àdúgbò Àrúbìdí ní 1968 dípò inú ọgbà yunifásítì. A kọ́kọ́ kí olórí àdúgbò àti ìyálọ́jà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló dára: a ò nílò iná, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò ní bo ohùn mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn òǹwòran. Eérú la fi fa agbo, fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọmọdé jókòó sórí ẹní níwájú. Gángan ló pe èrò, òun náà ló ń dákẹ́ bí ẹnìkan bá ké "Dúró!"

Atọ́kùn ni òpó eré. Òun ló ń kéde pé a kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú agbo, torí ẹni tó fẹ́ gbá ìyá létí ò wọ́n. Àwọn kan á fẹ́ gba ipò ìyá kí wọ́n sọ ọ́ di aláàánú. Atọ́kùn ò gbà, torí ọmọ ò lè pààrọ̀ ìyá rẹ̀ nílé. Bí ẹnìkan bá ní olówó kan máa san gbogbo rẹ̀, a bi èrò pé: "Ṣé ó ṣeé ṣe ládùúgbò yìí?" Wọ́n á dáhùn fúnra wọn. Àgbà ò sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀; ọmọbìnrin wo ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà? A ní kí oníkálukú bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì ná, lẹ́yìn náà la pe àwọn ọ̀dọ́.

Ẹnìkan ń kọ àbá sílẹ̀: kí ọmọ kiri lẹ́yìn iléèwé nìkan, kí olórí àjọ jẹ́ kí ìyá san díẹ̀díẹ̀, kí olùkọ́ wá sílé. A kọ orúkọ ẹni tó gbà láti ṣe é sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbá kọ̀ọ̀kan, a sì dá ọjọ́ tí a ó padà wá béèrè kí èrò tó túká.